Bí Ohùn Kan Ṣe Ń Gbé Ọ̀pọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìlù

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti máa ń mọ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́: run. Olùkọ́ á ní sáré ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ á sì gbà. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford jókòó ti ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un, ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Imú tó ń ṣomi, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, olóṣèlú tó ń du ipò, obìnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, run ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Síbẹ̀ orí kì í dà rú mọ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà, nítorí ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Àwọn tó bá a kọ́wọ̀ọ́ rìn ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Àwọn kan wà ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí iṣẹ́ wọn le ju ti ẹni tó ń túmọ̀ run lọ. Ẹ̀rìn kò jìnnà sí Òṣogbo. Òun àti Ìlobùú fara kanra débi pé àlejò lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, Ìfọ̀n-Ọ̀ṣun náà kò sì jìnnà sí wọn. Ìlú onílù ni Ẹ̀rìn. Agbo ilé àwọn Àyàn wà níbẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn fi Àyàn bẹ̀rẹ̀ nítorí Àyàn Àgalú tí gbogbo onílù kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó lu ìlù. Agbo ilé àwọn ọ̀jẹ̀ tó ń gbé eégún jó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé eégún àti ìlù bàtá kì í ya ara wọn. Láti Ẹ̀rìn ni Lámídì Àyánkúnlé àti Ràbíù Àyándòkun ti gbé ìlù dé òkè òkun, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti ń wá sílùú náà láti wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, Debra Klein, gbé odindi ìwé jáde lórí àwọn oníbàtá àti ọ̀jẹ̀ Ẹ̀rìn ní 2007.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ tí a fi ń gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lẹ́nu ènìyàn bọ́ sórí awọ. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò ní eyín. Kò lè pe b kó yàtọ̀ sí t, kò sì lè pe a kó yàtọ̀ sí o. Ohun tó ní ni ohùn: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iye sílébù àti bí wọ́n ṣe yára tàbí falẹ̀ tó. Ìyókù ti bọ́ sílẹ̀.

Má rò pé ohun kékeré ló ṣẹ́ kù yẹn. Kọ igba sórí bébà láìfi àmì sí i, òǹkàwé á máa wojú rẹ. Ṣé igba tó jẹ́ ogún mẹ́wàá ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi? Ṣé igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni, àbí ìgbá tí a ń jẹ, àbí ìgbà tó ń kọjá lọ? Márààrún ló dọ́gba lójú ẹni tó ń ka lẹ́tà lásán. Lẹ́tí ẹni tó ń gbọ́ ìlù, wọn ò jọra rárá. Ọ̀kan jẹ́ àárín méjì, ọ̀kan ti àárín gòkè, ọ̀kan ti àárín sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan ti ìsàlẹ̀ gòkè, ọ̀kan sì dúró sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìwé tí kò ní àmì ohùn gbé lẹ́tà wá, ó fi ohùn sílẹ̀. Ìlù gbé ohùn wá, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọ̀kan ti ń kọsẹ̀ gan-an ni èkejì ti ń rìn gaara.

Wàhálà ti ìlù wà lápá kejì. Lu ohùn mẹ́rin yìí: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè. O lè ní Ìyá mi dé lo sọ. Bàbá mi dé náà nìyẹn. Ọ̀gá mi dé nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi dé nìyẹn. Ọ̀tá mi dé nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ jẹun àti ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ jà, ohùn kan náà ni èdè wa fún wọn. Lu àárín, kí o wá lu òkè méjì tẹ̀ lé e: Owó dé. Iṣẹ́ dé. Ọlá dé. Ikú dé. Bí onílù bá lu mẹ́ta yẹn tó sì sọ ọ̀pá kalẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá kí a jó ni tàbí kí a sá.

Kí a tó dé ibi tí onílù ti ń yanjú wàhálà yìí, ó dára ká mọ bí ó ṣe ń rí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ìyáàlù dùndún ló ń sọ̀rọ̀ nínú agbo dùndún. Igi bí apá tàbí ọ̀mọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún un, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á fẹ̀, àárín rẹ̀ á fún. Awọ ewúrẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀, osán tí wọ́n gé láti ara awọ ló sì so ojú kan pọ̀ mọ́ èkejì yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Ṣaworo a máa wà létí rẹ̀. Onílù á gbé e kọ́ èjìká, á fi ọwọ́ òsì di osán mú, á sì fi ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́, ọ̀pá tó tẹ̀ lórí tí ó fi ń lù ú. Bí ó bá dẹ osán, awọ á dẹ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fún un díẹ̀, ó dé àárín. Bí ó bá fún un mọ́ra dáadáa, ó gòkè. Ọwọ́ òsì yìí ni ọ̀fun ìlù. Ọ̀tún kàn ń là á lẹ́nu ni.

Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ kì í tètè rí ni pé ohùn Yorùbá kì í sábà fò láti ìsàlẹ̀ sí òkè bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Ó máa ń yọ́ lọ. Pe ọ̀rẹ́ jẹ́jẹ́ kí o sì fetí sí ara rẹ: rẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lókè gan-an, ìsàlẹ̀ ló ti gbéra. Pe rárà, sílébù kejì á bẹ̀rẹ̀ lókè kó tó wálẹ̀. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, onílù tó gbọ́ iṣẹ́ kì í fún osán kó tó lu awọ. Á lù ú tán, kí ohùn náà tó kú, á wá fún osán, ohùn á sì gòkè lójú ẹsẹ̀. Bí o bá jókòó sítòsí rẹ̀, wo ọwọ́ òsì yẹn, má wo ọ̀pá. Ibẹ̀ ni wàá ti rí àṣírí tó mú kí dùndún máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì, tí o gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ògiri kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ọ. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìṣáájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ló ń di ilẹ̀ mú kí ìyáàlù lè máa sọ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò ìlù kọ̀ọ̀kan fínnífínní, kó wá ìwé tí Akin Euba kọ lórí dùndún ní 1990. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó máa ń gbé orin kalẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò kọ ọ́ bí àlejò.

Gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ yìí kò tíì ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. Ohun tó ń yà wọ́n ni pé onílù tó mọṣẹ́ kò jẹ́ lu Ìyá mi dé kó sì dákẹ́. Á fi kún un: Ìyá mi dé, abiyamọ tó bí mi. Bí ó bá jẹ́ bàbá ló ń kí: Bàbá mi dé, olówó orí ìyá mi. Apá àkọ́kọ́ dọ́gba nínú méjèèjì, apá kejì kò dọ́gba rárá. Abiyamọ tẹ́ pẹrẹsẹ sí àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olówó gbéra ní àárín ó sì lu òkè lẹ́ẹ̀mejì léra. Ẹni tó ń gbọ́ ti di ìyá, bàbá, ọ̀gá, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá mú nínú ọkàn rẹ̀ pọ̀. Bí ohùn kejì ṣe ń wọlé, ó ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ìdí nìyí tí onílù fi gbójú lé oríkì ju ohunkóhun lọ. Oríkì gùn, a sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti kékeré ni ìyá àgbà ti ń kì í fún wa láàárọ̀ tí a bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ìlù bá gbé ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́, etí ti ń parí ìyókù fúnra rẹ̀. Òwe náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí ló mú mi gbà pé a ṣi ìlù gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ pé ó ń ròyìn. Ìlù kì í sọ ohun tí etí kò tíì mọ̀. Ó ń rán etí létí ni. Fún onílù ní orúkọ àjèjì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, kó lù ú bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Fún un ní oríkì ilé ẹnì kan tó jókòó sínú agbo, ẹni náà á dìde kí gbólóhùn tó parí, á sì máa tọwọ́ bọ àpò.

Ibi tí a wà àti ẹni tó wà níwájú wa tún ń ran ìlù lọ́wọ́. Ọba, ẹja, aṣọ, ẹran, ọmọ, àárín méjì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹlẹ́rìn, ọba Ẹ̀rìn, bá yọ sójú agbo, tí àwọn ìjòyè sì ń dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò rò pé ẹja ni ìlù ń kí? Gbé ohùn yẹn lọ síbi ìkómọ, ọmọ ni gbogbo ènìyàn á gbọ́. Onílù náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi jókòó sójú kan. Á rìn lọ bá ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, á tẹrí ba díẹ̀, á kọ ojú ìlù sí i, á wò ó lójú. Ara rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kó tó lu ẹyọ kan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí dé bá. Àwọn Lokele tó ń gbé etí odò Kóńgò, nítòsí ìlú Kisangani, ní ìlù tiwọn tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìtì igi, tí kò ní awọ rárá. Ohùn méjì péré ló ní, ọ̀kan ga, ọ̀kan sì rẹlẹ̀. John Carrington, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ìlù náà títí tó fi lè lù ú, ṣe ìwé lórí rẹ̀ ní 1949. Lédè wọn, songe ni òṣùpá, koko ni adìẹ, ohùn wọn sì dọ́gba. Nítorí náà, onílù wọn kì í pe òṣùpá lásán. Á ní òṣùpá tó ń bojú wo ilẹ̀. Kì í pe adìẹ lásán, á ní adìẹ, ẹni kékeré tó ń ké kiokio. Iṣẹ́ kúkurú lè di ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀. Tiwa kò nílò àlàyé gígùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohùn mẹ́ta ló ní, ó sì tún ń yọ́. Ọgbọ́n kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlù bá pàdánù ibi àti ojú ènìyàn, kó bi àwọn àgbà tó gbọ́ rédíò Nàìjíríà láyé àtijọ́. Ìlù ni ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣe àmì ara rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù yẹn ń pè, àmọ́ etí Yorùbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu dùndún. Àwọn kan gbọ́ ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Àwọn mìíràn gbọ́ pé kò sí onígbèsè nílé yìí, kí ẹni tó ń wá a lọ sí ilé kejì. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Rédíò gbé ohùn wá láìgbé òde ìnáwó tàbí ojú onílù wá, kálukú sì fi ohun tó mọ̀ dí àlàfo náà.

Bàtá ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, bàtá sì ni Ẹ̀rìn fi ń yangàn. Kò ní osán tí a lè fún mọ́ra bí ti dùndún. Wọ́n ti so ó pa. Ìyáàlù bàtá ní ojú ńlá tí à ń pè ní ojú òjò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, àti ojú kékeré tí à ń pè ní ṣáṣá, tí wọ́n ń fi bílálà awọ lù. Wọ́n á fi ìda sí ojú ńlá kí ohùn rẹ̀ lè jinlẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, kò lè yọ́. Oníbàtá á wá máa fi ọwọ́ dí awọ tàbí kó ṣí i sílẹ̀, á máa pa ojú méjèèjì pọ̀ tàbí kó yà wọ́n, omele abo á sì máa ràn án lọ́wọ́, kí ohùn mẹ́ta lè jáde. Èyí ló mú kí àwọn ènìyàn máa ní akólòlò ni bàtá. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu ni.

Àwọn oníbàtá kò fi akólòlò yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹnà tiwọn, ẹnà bàtá, èdè ẹnu tí wọ́n fi ń pe ohun tí ọwọ́ yóò lù, kí ọwọ́ tó lù ú. Gbólóhùn Yorùbá á kọ́kọ́ di ẹnà, ẹnà á wá di ìlù. Bàbá á pè é, ọmọ á tún un pè, ọmọ á wá lù ú. Amanda Villepastour kọ́ èyí lọ́dọ̀ Ràbíù Àyándòkun, ó sì ṣe ìwé lé e lórí ní 2010. Nínú ìwé náà ló ti fi hàn pé òfin tó dúró ṣinṣin wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹnà àti ìlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílù kò jókòó ka gírámà kankan kí wọ́n tó tẹ̀ lé e. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa gbọ́ níléèwé.

Nínú gbogbo àwọn tó ń gbọ́ bàtá, ọ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ aṣọ eégún ni kò gbọdọ̀ ṣì í gbọ́. Ìlù ló ń sọ fún un ìgbà tí yóò yí, ìgbà tí yóò dúró, ìgbà tí yóò pidán. Òǹwòran tó ń pàtẹ́wọ́ lè má gbọ́ ju dídún rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é. Àmọ́ gbígbọ́ yìí lè sọnù. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé bàtá dé ọ̀hún, wọ́n ṣì ń lù ú fún Ṣàngó títí di òní. Àwọn tó ń lù ú ń sọ èdè Sípéènì báyìí. Ìlù náà pé lọ́wọ́ wọn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, nítorí ẹnu tí yóò máa sọ wọ́n lójoojúmọ́ kò sí mọ́.

Àwọn onílù kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró ní méjì. Ẹwà ni àti Olè ni, ohùn kan náà ni. Bí olówó ìlú bá wọlé àríyá tó sì gbójú kúrò lára onílù, ìlù lè lu ohùn mẹ́ta yẹn léraléra. Àwọn tó mọ ibi tí owó ti wá á máa fọwọ́ bo ẹnu. Bí a bá pe onílù sẹ́yìn ilé pé kí ló sọ, á ní ẹwà ọ̀gá ni òun ń yìn. Kò sí adájọ́ tó lè dá a lẹ́bi. Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́ tí wọ́n fi ní bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ lóde ìnáwó lónìí ni pé a ń náwó fún onílù tí a kò gbọ́. Gbohùngbohùn ń pariwo, alága ìjókòó ń pariwo, àwọn ọmọ sì ń jó sí dídún rẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ oríkì ilé bàbá wọn, ìlù kò sì rí ohun tí yóò rán wọn létí. Èyí ṣeé tún ṣe. Lọ bá àgbà nílé kó kì ọ́, kí o kọ́ ọ sórí títí ẹnu rẹ yóò fi sọ ọ́ láìrò ó. Nígbà mìíràn tí onílù bá dúró tì ọ́, fún un lówó rẹ̀, kí o wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹnu sọ gbólóhùn kan fún ọ kó tó lù ú. Bẹ̀ ẹ́ kó tún un lù láìsọ ọ́. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwọ náà á ti máa pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọkàn rẹ kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ.